Túbù tó yege lábẹ́ omi tútù, tó bẹ́ lójú iná

Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀ lóru ni fóònù mi dún. Bàbá tó ń darí ṣíìfù alẹ́ ni. Wọn ò tilẹ̀ kí mi. "Ẹnjiníà, omi tí à ń fún bọ́ílà yìí ti pọ̀ ju sítíìmù tó ń dá padà fún wa lọ. Ó sì ń súfèé." Ẹni tó bá ti bá bọ́ílà gbé fúngbà díẹ̀ mọ ohun tí gbólóhùn méjèèjì yẹn ń sọ. Omi kì í ṣàdédé pòórá nínú bọ́ílà, ibì kan ló ń gbà jáde. Mo ní kí wọ́n gé epo, kí wọ́n má dúró dè mí. Wọ́n ní àwọn ti gé e kí àwọn tó pè mí.

Ọjọ́ kan àti ààbọ̀ la fi retí kí inú rẹ̀ tutù tó ibi tí èèyàn lè wọ̀. Àwọn tó wà ní ọ́fíìsì ń pè mí ní wákàtí-wákàtí pé kí la ń dúró dè. Àgbá òkè bọ́ílà nípọn. Bí a bá fi ipá tù ú, apá kan á ti tutù kí apá kejì tó mọ̀, ìyẹn nìkan sì tó láti la irin. Mo sọ fún wọn lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà mo pa fóònù.

Kí n tó sọ ohun tí mo bá nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ irú bọ́ílà tó jẹ́. Sítíìmù tó ń jáde lára rẹ̀ máa ń wà ní 515°C, lábẹ́ pírẹ́ṣọ̀ 67 bar. Omi kì í ti inú ìsàlẹ̀ bọ́ílà jáde pẹ̀lú irú ìgbóná bẹ́ẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń di sítíìmù lásán, lẹ́yìn náà ni sítíìmù yẹn á wọ ẹgbẹ́ túbù kan tó so rọ̀ sójú ọ̀nà iná, tí à ń pè ní superheater, kí ó lè tún gbóná sí i. Níbẹ̀, kò sí omi mọ́ tó lè máa tu ara túbù lára. Sítíìmù nìkan ló ń gba inú kọjá, iná sì ń jó o lóde, nítorí náà ara irin fúnra rẹ̀ máa ń gbóná ju sítíìmù inú rẹ̀ lọ. Nínú bọ́ílà tiwa, bí sítíìmù bá wà ní 515, ara túbù ìkẹyìn á wà ní nǹkan bí 550°C. Ibẹ̀ ló le jù fún irin nínú gbogbo bọ́ílà náà. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó yàwòrán rẹ̀ fi kọ T22 sí i.

T22 jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn irin àdàpọ̀ tó wà nínú ìlànà A213 ti ASTM, ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń ṣe ìlànà fún ohun èlò, èyí tí ASME, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà tó ń kọ òfin bọ́ílà, ń pè ní SA-213, ìyẹn ìlànà fún túbù aláìlójú-wẹ́lídì tí wọ́n ń lò nínú bọ́ílà, superheater àti heat exchanger, ìyẹn ẹ̀rọ tí ooru ti ń gba ara túbù bọ́ sínú nǹkan mìíràn. Irin ni, àmọ́ wọ́n po chromium mọ́ ọn láti ìdá 1.90 sí 2.60 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì po molybdenum mọ́ ọn láti 0.87 sí 1.13. Èèyàn lè wo 2 nínú ọgọ́rùn-ún kí ó rò pé kò jẹ́ nǹkan kan. Chromium yẹn ló ń jẹ́ kí èépá tó ń hù lára irin nínú iná lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́, kí ó má máa bó kí irin tuntun sì tún máa jóná lábẹ́ rẹ̀. Molybdenum ní tirẹ̀ ló ń mú kí irin le gan-in nígbà tó bá gbóná, kí ó má máa nà díẹ̀díẹ̀ bí rọ́bà tí wọ́n so ẹrù mọ́.

Nínà díẹ̀díẹ̀ yìí gan-an lọ̀rọ̀ mi dá lé. Ní ìgbóná kékeré, bí ẹrù tó wà lára irin kò bá lè fà á já lónìí, kò ní fà á já lọ́dún mẹ́wàá. Bí irin bá ti gbóná kọjá ibì kan, òfin yẹn á yí padà. Ẹrù tí kò lè ṣe é ní nǹkan kan lónìí á máa fà á, irun kan lóṣù yìí, irun kan lóṣù tó ń bọ̀, títí tí yóò fi já. Creep lorúkọ rẹ̀ láàárín àwa oníṣẹ́.

Ohun tí mo bá nínú rẹ̀

Túbù kẹtàdínlógún láti apá òsì ló ṣí ẹnu. Ojú ibi tó ti ya gùn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́sàn-án, ó sì tẹ̀ lé gígùn túbù. Sítíìmù tó ti ibẹ̀ tú jáde ti fá ara túbù kejìdínlógún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí tó fi ń dán bí ṣíbí. Kò tíì lu, àmọ́ kò lè pẹ́ mọ́, òun náà sì di gígé.

Mo fi ìka mi tọ ètè ojú ibi tó ya náà. Ó nípọn. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì rí túbù tó bẹ́ rí, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó wò nìyẹn. Bí túbù bá bẹ́ nítorí pé ó gbóná lójijì, bóyá omi tán nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan tàbí nǹkan dí i, irin á rọ̀ bí àmàlà tó gbóná, á wú, á fẹ́lẹ́, á sì ya ẹnu gbàgà bí ẹja, ètè rẹ̀ á sì mú bí ọ̀bẹ. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀pọ̀ oṣù ló fi ń nà, kò ní fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ètè á nípọn, ẹnu ibi tó ya kò ní fẹ̀ púpọ̀, èépá tó wà lóde á sì ti là wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí gbogbo wọn á kọjú sí ibì kan náà bí èèpo igi ògbólógbòó. Èyí èkejì ni mo rí. Mo mú kálípà, mo wọ̀n ọ́n. Ìbú túbù náà lóde yẹ kí ó jẹ́ 50.8 mm. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ya, 53.6 ni. Ara rẹ̀ tó yẹ kí ó nípọn tó 5 mm kù sí 4.4.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, mo sì kọ ìròyìn mi àkọ́kọ́ kí n tó wẹ ẹ̀édú kúrò lọ́wọ́. Mo kọ ọ́ pé túbù gbóná jù fún ìgbà pípẹ́. Òótọ́ ni. Mo wá fi ọ̀rọ̀ kún un pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n máa ń tan iná tètè jù nígbà tí wọ́n bá ń jí bọ́ílà, kí sítíìmù tó ń gba inú superheater tó pọ̀ tó láti tù ú. Ó jọ ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n. Orí àwọn ṣíìfù alẹ́ ló sì já lé, nítorí àwọn ló ń jí bọ́ílà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ọ́fíìsì ti fún Bàbá ní ìwé pé kí wọ́n wá ṣàlàyé ara wọn.

Nǹkan méjì ni mo rí tí mo fojú fò. Àkọ́kọ́, inú túbù náà mọ́. Èépá tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ èyí tí sítíìmù ń mú hù lára irin gbígbóná, kì í ṣe ìdọ̀tí tó ti inú omi wá. Èkejì, túbù kẹrìndínlógún àti ìkejìdínlógún kò wú rárá, àní pẹ̀lú bí sítíìmù ṣe fá ọ̀kan lára wọn. Iná kan náà ló ń jó wọn, sítíìmù kan náà ló ń gba inú wọn kọjá, wọ́n sì dàgbà ju ìkẹtàdínlógún lọ. Tó bá jẹ́ pé ìjí bọ́ílà ló fa á, kí ló dé tó fi yan ẹyọ kan ṣoṣo láàárín ọ̀rẹ́ méjì? Mi ò bi ara mi. Ó ti rẹ̀ mí, mo sì ti rí ìdáhùn tó wù mí.

Iná tó ń ta lẹ́nu gráíńdà

Ọ̀gá wẹ́dà wa ló bi mí. Ọkùnrin náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n ń fi gráíńdà gé túbù méjèèjì kúrò, mo sì dúró lẹ́yìn wọn. Wọ́n gé ìkejìdínlógún tán, wọ́n bọ́ sórí ìkẹtàdínlógún, wọ́n sì dá ọwọ́ dúró láàárín iṣẹ́. Wọ́n ṣí ìbòjú wọn.

"Ẹnjiníà, ẹ wá wo iná yìí."

"Iná kí ni, Ọ̀gá?"

"Ẹ ṣáà wò ó."

Wọ́n fi gráíńdà kan túbù kejìdínlógún. Ẹta iná tó jáde kúrú, ó pupa díẹ̀, ó sì tètè kú. Wọ́n wá kan ìkẹtàdínlógún. Ẹta iná gùn, ó funfun pọ̀ mọ́ pupa rúsúrúsú, ó ń fò dé ẹsẹ̀ mi, àwọn kan sì ń pín sí ẹ̀ka lórí. Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta kí ojú mi lè dá a mọ̀. "Irin kan kọ́ nìyí," wọ́n ní, wọ́n sì fa ìbòjú wọn padà.

Ẹta iná kì í ṣe ẹ̀rí tí èèyàn lè kọ sínú ìwé, ojú ẹni tó ń wò ó ló ń sọ ọ́. Àmọ́ ó tó láti lé mi dé ìdí àpótí tí ẹ̀rọ XRF wa wà. Ó dà bí ìbọn. Tí a bá fi ẹnu rẹ̀ kan irin tí a ti nù mọ́, tí a sì tẹ̀ ẹ́, á sọ irú èròjà tó wà nínú irin náà láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Kò lè ka kábọ́nù, àmọ́ chromium àti molybdenum kò lè sá pamọ́ fún un. Túbù kejìdínlógún: chromium 2.21, molybdenum 0.96. T22 pọ́ńbélé. Túbù kẹtàdínlógún: chromium 0.04, molybdenum 0.01. Mo nù ún mọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, mo tún un tẹ̀. 0.04.

Irin kábọ́nù lásán ni. Ó wà nínú superheater níbi tí T22 yẹ kó wà, mo sì mọ̀ dájú ìgbà tó débẹ̀, nítorí èmi ni mo fọwọ́ sí i pé ó wọlé.

Oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn

Ní àtúnṣe ọdọọdún tó ṣáájú, a rí i pé eérú tó ń bá ooru fò ti ha àwọn túbù mẹ́ta lára. Iṣẹ́ kékeré ni: a gé ibi tí wọ́n ti tín-ín-rín kúrò, a fi gígùn tuntun tó tó mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà ọgọ́rin sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Túbù T22 tuntun kan tó gùn tó mítà mẹ́fà wà nílẹ̀, ìwé ẹ̀rí ilé iṣẹ́ tó rọ ọ́ wà lọ́wọ́ mi, nọ́ḿbà tó wà lára túbù bá ti inú ìwé mu. Mítà mẹ́fà á tó gígùn mẹ́ta, á sì ṣẹ́ kù. Mo fọwọ́ sí i, mo sì lọ wo iṣẹ́ mìíràn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn mi, ẹnu ọmọkùnrin tó ń ran wẹ́dà lọ́wọ́ nígbà yẹn ni mo ti gbọ́ ọ, kò sì fi nǹkan kan pamọ́. Ẹni tó gé gígùn kẹta gé e kúrú. Àṣẹ́kù túbù kò tó mọ́. Ó ti di alẹ́, onísítọ̀ ti lọ sílé. Ọmọkùnrin náà gba kọ́kọ́rọ́, ó lọ sídìí àgbékọ́ túbù, ó rí èyí tí wọ́n kọ "50.8 x 5" sí níwájú, ó fa àkékù kan tó gùn tó nínú rẹ̀, ó gbé e wá. Ìwọ̀n yẹn gẹ́lẹ́ ni wọ́n ní kó wá.

Àgbékọ́ kan náà ni a ń kó túbù economizer sí, ibi tí omi ti kọ́kọ́ ń yá kí ó tó wọ àgbá òkè. Irin kábọ́nù, SA-210 A1, ló wà níbẹ̀, torí kò gbóná tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ìbú rẹ̀ lóde 50.8, ó nípọn 5 mm. Báyìí la ṣe to sítọ̀ wa: ìwọ̀n nìkan la fi pín in. Ilé iṣẹ́ tó rọ túbù máa ń kọ irú irin àti nọ́ḿbà sí i lára lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ìpẹ̀kun kan ni ìkọ̀wé yẹn ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí a bá gé ìpẹ̀kun yẹn lò, ohun tó kù sí àgbékọ́ ti di ọmọ tí kò mọ orúkọ bàbá rẹ̀. Dúdú ni méjèèjì, wọ́n dógùn-ún bákan náà, mágínẹ́ẹ̀tì sì ń fa àwọn méjèèjì.

Wọ́n wẹ́lídì rẹ̀ pẹ̀lú wáyà tó tọ́ sí T22. Ojú wẹ́lídì méjèèjì dára. Mo ní àwòrán X-ray wọn lọ́wọ́ títí dòní, kò sí àbùkù kankan níbẹ̀. Kódà lẹ́yìn tí túbù bẹ́, wẹ́lídì kò ṣí.

Ìdánwò tí kò rí i

Èyí ni apá tó máa ń ya àwọn ọ̀dọ́ ẹnjiníà lẹ́nu tí mo bá sọ ọ́ fún wọn. Lẹ́yìn àtúnṣe yẹn, a fi omi dán bọ́ílà náà wò ní ìlọ́po kan àti ààbọ̀ pírẹ́ṣọ̀ tí wọ́n ṣe é fún. Kò sí ẹ̀kán omi kan tó jò. Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé, bí irin náà kò bá tọ́, ṣé kò yẹ kí ìdánwò yẹn fi hàn ni?

Kò lè fi hàn, nítorí pé nínú omi tútù, túbù tí kò tọ́ yẹn lágbára ju èyí tó tọ́ lọ. Ìlànà sọ pé T22 kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìrísí padà kí agbára tó ń fà á tó dé 205 MPa (MPa la fi ń wọn agbára tó ń fa irin). Fún SA-210 A1, 255 ni. Agbára tó lè fà wọ́n já sì dọ́gba nínú ìwé: 415 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán. Ẹni tó bá fi omi tútù dán àwọn méjèèjì wò, irin kábọ́nù ló máa borí.

Ìgbà tí iná bá dé ni ìyàtọ̀ ń jáde. Nínú ìwé òfin ASME, ẹrù tí wọ́n gbà kí T22 gbé ní 538°C jẹ́ nǹkan bí 55 MPa. Ti irin kábọ́nù yẹn ní ìgbóná kan náà jẹ́ nǹkan bí 17. Ẹ jẹ́ ká wo èyí tó wà lára túbù wa. Pírẹ́ṣọ̀ 67 bar jẹ́ 6.7 MPa. Ẹ fi ìbú àárín túbù, 45.8 mm, sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ pín in sí ìlọ́po méjì ìnípọn ara rẹ̀, ìyẹn 10 mm. Ohun tí ẹ ó rí á súnmọ́ 31 MPa. T22 á gbé e, á sì ku àyè fún un. Fún irin kábọ́nù, ẹrù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n gbà fún un ní 538, bẹ́ẹ̀ ara túbù wa tún gbóná ju ìyẹn lọ.

Ìyókù di ọ̀rọ̀ àkókò. Ní 1952, Larson àti Miller gbé ọ̀nà ìṣirò kan jáde tí a ṣì ń lò, tó so ìgbóná àti wákàtí pọ̀ mọ́ra. Nínú rẹ̀, ní àgbègbè ìgbóná tí à ń sọ yìí, bí ara irin bá fi 10°C gbóná sí i, ọjọ́ ayé rẹ̀ á dín kù dé ìdajì. Mo fi àwọn nọ́ḿbà tiwa sínú rẹ̀, ó sì fún mi ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá wákàtí. Oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí a bá yọ àwọn ọjọ́ tí bọ́ílà fi dúró, kò jìnnà sí i. Mi ò ní fi ìyẹn yangàn, torí ìṣirò yìí lè yà sápá ọ̀tún tàbí òsì ní ìlọ́po méjì láìjẹ́ ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ó tó láti jẹ́ kí n mọ̀ pé kò sẹ́ni tó tan iná tètè jù.

A gé díẹ̀ lára túbù náà, a fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fi máíkírósíkóòpù wo irin. Àwòrán tí wọ́n dá padà fún wa ń sọ ìtàn kan náà. Kábọ́nù inú irin tuntun máa ń wà ní ìpele pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ bí ojú ewé ìwé. Nínú tiwa, àwọn ewé yẹn ti ká, wọ́n ti di bọ́ọ̀lù kéékèèké tó tú káàkiri. Ihò tíntìntín sì ti tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lójú ibi tí hóró irin kan ti kan èkejì, níbòmíràn wọ́n ti di ojú ìlà. Èyí tó bẹ́ lóru yẹn jẹ́ ìlà kan tó kàn rí ọ̀nà dé ìta.

Ẹni tó ní ká fi irin tó wọ́n sí i

Nígbà tí a jókòó lórí ohun tó yẹ ní ṣíṣe, ẹnì kan láti ọ́fíìsì ní ká pa ọ̀rọ̀ T22 tì, ká fi irin tí kì í dógùn-ún sí gbogbo superheater, tàbí T91, irin àdàpọ̀ mìíràn tó lágbára ju T22 lọ. Mo gbọ́ ọ dáadáa. Ẹni tí túbù bẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ á fẹ́ ra èyí tó lágbára jù. Mo sì kọ̀.

Irin tí kì í dógùn-ún máa ń gbòòrò nínú ooru ju T22 lọ, ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìgbòòrò T22 lórí rẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti wẹ́lídì àwọn méjèèjì pọ̀, ọ̀kan á máa ti èkejì ní gbogbo ìgbà tí bọ́ílà bá jí tó sì sùn. Iyọ̀ inú omi lè la á lára bí omi bá jókòó sínú rẹ̀ nígbà tí bọ́ílà bá dúró. Kò sì ń jẹ́ kí ooru kọjá lára rẹ̀ bí irin yòókù. Ohun tó ń gbà kọjá kéré sí ti T22 dáadáa. Ìyẹn tún ṣe pàtàkì jù nínú heat exchanger, nítorí iṣẹ́ kan ṣoṣo tí túbù ibẹ̀ ní ni kí ooru gba ara rẹ̀ kọjá.

T91 ní tirẹ̀, irin tó dáa gan-an ni. Àwọn ará Oak Ridge ní Amẹ́ríkà ló ṣiṣẹ́ lé e lórí ní àwọn ọdún 1970, chromium rẹ̀ wà láàárín 8.0 sí 9.5, wọ́n sì tún fi vanadium àti niobium díẹ̀ sí i. Agbára rẹ̀ nínú iná ju ti T22 lọ fíìfíì. Àmọ́ gbogbo agbára yẹn ti inú ọ̀nà tí wọ́n gbà dáná sí i wá. Wọ́n ń mú un gbóná ju 1040°C lọ, wọ́n á tù ú, wọ́n á tún mú un gbóná padà láàárín 730 sí 800. Ẹni tó bá wẹ́lídì rẹ̀ láìmú ìgbóná rẹ̀ dúró ibi tó yẹ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tó parí, ó ti sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Àwa tí a kò lè tọ́jú àkékù túbù méjì ní àgbékọ́, ṣé àwa la máa gbé T91 fún ní aago mẹ́wàá alẹ́? Bọ́ílà wa kò nílò rẹ̀. T22 ni wọ́n yàwòrán rẹ̀ fún, T22 kò sì bẹ́. Èyí tó bẹ́ kì í ṣe T22.

Ohun tí a ṣe kò gba ọgbọ́n púpọ̀. A tú àgbékọ́ náà ká, a fi irú irin pín in dípò ìwọ̀n. A fi ọ̀dà kùn ún láti orí dé ìdí túbù, pupa fún T22, kí àkékù tó kéré jù lọ ṣì lè ní àwọ̀ lára. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gé túbù kí ó tó kọ nọ́ḿbà rẹ̀ sórí èyí tó máa kù. Àwọn àkékù tí a kò dá mọ̀, a kó wọn sọ́dọ̀ àwọn tó ń ra irin àlòkù, ó sì dùn mí díẹ̀, torí ó ṣeé ṣe kí T22 wà nínú wọn. A sì ń fi ẹ̀rọ XRF kan gbogbo gígùn tuntun lẹ́ẹ̀mejì: kí ó tó wọ inú bọ́ílà, àti lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wẹ́lídì rẹ̀ tán níbi tó máa gbé. Lẹ́ẹ̀kejì yẹn ni mo kà sí pàtàkì. Èyí tí a dán wò nílẹ̀ kọ́ ló máa bẹ́, èyí tó wà lókè ni.

Kí a tó ti ilẹ̀kùn bọ́ílà, mo ní kí a dán gbogbo gígùn tí wọ́n ti pààrọ̀ wò nínú superheater, láti ìgbà tí ìwé àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀. Mẹ́tàlélógún ni. Ó gba ọjọ́ méjì, ọ̀gá wẹ́dà ń fi gráíńdà nù wọ́n mọ́, èmi ń tẹ ìbọn. A rí ọ̀kan sí i. Irin kábọ́nù, chromium 0.03, ní apá ibi tí sítíìmù ti ń wọlé, níbi tí ara túbù kò ju nǹkan bí 400°C lọ. Ó ti wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Kálípà kò rí ìwú kankan lára rẹ̀.

Ọ̀gá wẹ́dà ní ká gé e. Mo ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ní ìgbóná yẹn, irin kábọ́nù ṣì wà nílé ara rẹ̀. Ẹrù tó wà lára rẹ̀ kò dé ìdajì ohun tí òfin gbà fún un, kò sì tíì dé 427°C tí ìwé kìlọ̀ pé kábọ́nù inú irú irin bẹ́ẹ̀ lè máa yà sọ́tọ̀ di èédú dúdú bí ti inú pẹ́ńsù. Gígé e á gba ọjọ́ méjì mìíràn, wẹ́lídì méjì tuntun á sì wọ bọ́ílà. Mo ní kó dúró títí di àtúnṣe tó ń bọ̀. Mo fi ọ̀dà funfun sàmì sí i, mo kọ ọjọ́ rẹ̀ sára ògiri àti sínú ìwé, mo sì fọwọ́ sí i lórúkọ ara mi. Ọ̀gá wẹ́dà kò bá mi jà, àmọ́ wọn ò gbà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti béèrè lọ́wọ́ mi lẹ́yìn náà bóyá mo ti lọ wò ó.

Iṣẹ́ tó kù fún mi ni ìròyìn àkọ́kọ́ yẹn. Èèyàn lè kọ òmíràn kí ó sì jẹ́ kí ti àtijọ́ sùn sínú fáìlì. Mo fa ìlà kan sórí ìpínrọ̀ tó sọ̀rọ̀ nípa ìjí bọ́ílà, mo jẹ́ kí wọ́n ṣì lè ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, mo sì kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé èmi ni mo ṣi í kọ, àti ohun tí XRF sọ. Mo mú un lọ bá Bàbá kí ṣíìfù wọn tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kà á pẹ̀lú awò ojú wọn, láti òkè dé ìsàlẹ̀, láìyára.

"Ìwé tí wọ́n ní kí n kọ ńkọ́?" wọ́n ní. "Mo ti kọ ojú ewé méjì."

Mo ní kí wọ́n má bínú, pé kò sẹ́ni tó máa béèrè rẹ̀ mọ́.

Wọ́n ká ìròyìn náà, wọ́n fi sápò, wọ́n sì lọ wo òṣùwọ̀n omi.